Bíréèkì Ọjọ́ Àìkú

Òórùn íǹkì kì í kúrò lára ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Bí o bá fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, bí o bá fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀, tó o bá ti gbé ìka sẹ́nu láti jẹun, íǹkì ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tún ní òórùn góòmù nínú, góòmù funfun tá a fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé, tó máa ń rùn bíi wàrà tó ti kan tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ike rẹ̀ láàárọ̀. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé là ń kó jọ lọ́jọ́ náà, èmi àti ọ̀gá wa obìnrin. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì gígùn, à ń mú ewé kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan, à ń gbá a jọ, à ń tì í síwájú. Mo ti wẹ ọmọ mi, mo ti fún un ní ògì àti àkàrà, mo ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bàbá rẹ̀ pé kó gbé e lọ síléèwé ní Akọka, ọkàn mi sì balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkùnrin tó máa ń fi ọmọlanke kó bébà wá fún wa fi yọ lẹ́nu ọ̀nà láìsí ọmọlanke lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ọ̀gá wa, ó wò mí, ó wá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin sílẹ̀.

“Aǹtí, ẹ má sáré o. Ọkọ̀ yín ló wọ àárín àpò bébà lọ́hùn-ún. Ọmọ yín ń sọ̀rọ̀.”

Ìwọ náà tó o jẹ́ abiyamọ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe síni nínú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní àlàáfíà, ta ló ń wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Mo sáré. Góòmù wà lọ́wọ́ mi, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ìkejì wà lábẹ́ tábìlì títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n kí ohun tí mo bá níbẹ̀ tó lè yé ẹ, àfi kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ tá a fi ń relé iṣẹ́ ṣe di ọkọ̀ eré sísá. Tòkunbọ̀ ni, aláwọ̀ eérú, a rà á lọ́dún tí ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹsẹ̀ rìn. Òun là ń gbé lọ síbi gbogbo. Òun la fi ń lọ gbé ẹja gbígbẹ fún ìyá mi létí ọ̀sà, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Ìlàjẹ, tí ọkọ mi á sì máa ṣí gbogbo fèrèsé kiri títí òórùn náà fi máa lọ. Kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń tún ṣe ní Ọbáníkòró. Oníbàárà rẹ̀ kan ló mú un lọ sí pápá kan lọ́nà Ìkòròdú, àgbàlá ńlá ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé, tí ọ̀dà ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ní irú ọkọ̀ bíi tiwa, tí wọ́n ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ni wọ́n máa ń kóra jọ síbẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú kan lóṣooṣù, tí wọ́n á sá a yípo dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Wọn kì í ṣe é lójú títì. Wọ́n ń dé akoto, wọ́n sì ní ẹni tó ń dúró tì wọ́n pẹ̀lú omi àti iyanrìn nítorí iná. Èmi ò rí nǹkan burúkú kankan níbẹ̀. Ọkùnrin tí kì í mutí, tí kì í ta tẹ́tẹ́, tó bá ní kí òun lọ fi ọkọ̀ ṣeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣé mo máa wá ní kó má ṣeré ni?

Ó ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìgbàlà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ bíréèkì ló gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọkọ̀ kó sáré, dídúró ọkọ̀ ni iṣẹ́. Ó ní bíréèkì tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, ti ẹni tó ń lọ sọ́jà jẹ́jẹ́ ni, pé tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, á gbóná, á sì di ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo tiẹ̀ ti lò ó fún ọ̀gá wa bíi pé èmi ni mo ronú kàn án. Ó ra àwo irin tuntun tó ń bá táyà yí, ó ra páàdì tó ń di àwo náà mú, ó ra ṣọ́ọ̀kì, ó ra sípíríǹgì kúkúrú tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà dojú dé tó bá ń yà ní kọ́nà. Nígbà tí mo kùn pé ó ti ń pọ̀ jù, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ wa.

“Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń ra bíréèkì fún.”

Mo gbà á gbọ́. Kí ló máa ṣe mí tí n kò ní gbà á gbọ́?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ sí i, a di eré àwòrẹ́rìn-ín ní Ladi-Lak. Ọkọ̀ náà balẹ̀ bí ẹni tó lóṣòó. Ìwọ náà mọ òpópónà wa, òkìtì ìdènà eré ló pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, gbogbo òkìtì tá a bá sì dé ni ikùn ọkọ̀ ń há. Èmi àti ọmọ mi á bọ́ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́, bàbá rẹ̀ á rọra wọ́ ọ kọjá ní ìdábùú, a ó tún wọlé. Bàbá onílé wa máa ń jókòó sí bálíkónì òkè, wọ́n á ní, “Ìyàwó, ẹ fún un lómi mu o, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti jókòó.” Àwọn obìnrin tó ń pọn omi níwájú ilé ò tiẹ̀ bò ó. Wọ́n ní ọkọ̀ wa ń wá ibi tó máa ṣu sí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìgbáròkó fi ń ro mí.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi ní òun ti rí ọgbọ́n kan dá. Ní Sátidé tó ṣáájú eré, mẹkáníìkì á gbé àwọn tuntun sí i. Lọ́jọ́ Ajé, á tú wọn, á sì dá àwọn àtijọ́ padà, kí ọkọ̀ lè ga kó sì kọjá lórí òkìtì. Ó sọ ọ́ fún mi, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Ohun tí mo gbọ́ ni ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì. Bíréèkì ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí bíréèkì kì í gbé ọkọ̀ ga, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òkìtì Ladi-Lak wo ló bá bíréèkì jà?

Mo ti bá a dé pápá náà rí, lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ìrẹsì dání, èmi àti ọmọ mi jókòó sábẹ́ páànù tí wọ́n fi ṣe ibòji, òórùn rọ́bà jíjó ń gba imú wa. Nígbà tó kan ọkọ mi, ó bọ̀ bí ọta, ẹ̀rù bà mí, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Ó dé ibi tí wọ́n kó táyà jọ sí, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà sì dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa okùn rẹ̀ lójijì. Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé irú ohun tó ń gbé ọmọ mi relé ìwé nìyẹn. Ọkàn mi kún, kí n má parọ́ fún ẹ. Èyí gan-an ló ń kó mi nírìíra tí mo bá rántí.

Ó yá, mo sáré dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé ìtẹ̀wé mìíràn ni, kò jìnnà sí tiwa, ibi tí wọ́n máa ń to àpò àgékù bébà síta fún àwọn tó ń rà á lọ tún pò di bébà tuntun. Àwọn àpò náà ló gbà á. Ká ní kò sí wọn ni, ògiri ni ì bá kọlù. Àgékù bébà funfun àti ti aláwọ̀ pupa dà sójú ọ̀nà bíi ti ibi ìgbéyàwó. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi aṣọ dí i lẹ́nu, aṣọ náà sì ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ là. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó má baà sọ nù. Mo gbé e mọ́ra, góòmù ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sunkún títí ó fi rí mi. Ó sọ ọ́ látinú aṣọ náà, mo sì ní láti tẹ́tí kí n tó gbọ́.

“Mo sọ fún Dádì pé ọkọ̀ ń ké. Wọ́n ní kí n dákẹ́.”

Mo wá bàbá rẹ̀ káàkiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dojú sókè lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síta, ó ti fi fóònù sétí, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ pápá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ohùn ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù ni.

“Ọlọ́run ló yọ mí, ọ̀rẹ́. Bíréèkì àtijọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àwọn tuntun wà nílé, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n.”

Mo dúró pẹ̀lú ọmọ lọ́rùn. Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yé mi, mo kọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo sì bì. Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ní kí wọ́n fún Aǹtí lómi. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin tí mò ń sùn tì ni, tó ń dúpẹ́ fún irin.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nítòsí, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fọ ètè náà, wọ́n rán an, wọ́n ní orí ló kó o yọ. Nígbà tá a délé, mo tẹ́ ọmọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá aṣọ tó mọ́ fún un. Lẹ́yìn àwọn aṣọ mi ni mo ti bá wọn. Ó di wọ́n nínú ṣọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀lù funfun tá a fi gbé ọmọ wa jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí mo ti fọ̀ tí mo sì ká pamọ́ bóyá Ọlọ́run á tún fún wa ní òmíràn. Àwo irin méjì, páàdì wọn nínú ọ̀rá lọ́tọ̀, ó fi epo ra àwo náà fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí wọ́n má baà dípẹtà. Epo náà ti gba ara ṣọ́ọ̀lù kọjá. Ó ń rùn. Mo fi ìka méjì mú un bí ẹni mú òkú eku.

Ọkọ mi ni mo máa ń bu ọ̀wọ̀ fún, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ò lè pe “ẹ” náà.

“O tú bíréèkì náà?”

Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò pé àwọn tuntun ò wà fún ojoojúmọ́, pé tó bá ń fi wọ́n gbé ọmọ relé ìwé, wọ́n á jẹ tán kí oṣù tó yí po, pé kí ló wà láàárín ilé wa sí Akọka tí bíréèkì àtijọ́ ò lè dá dúró?

“Àwa tá à ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ńkọ́?”

Ó wá ní, “Ó ṣì ku díẹ̀ lára àwọn àtijọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá mẹkáníìkì ní ọgbà rẹ̀, níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ, mo ní kó fi díẹ̀ tó kù yẹn hàn mí. Ó yọ páàdì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀. Irin lásán ni, ó ti ha àwo rẹ̀ jinlẹ̀ bíi pé èékánná ni wọ́n fi ya á. Mo bi í pé ṣé òun ló ń dè é padà ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Mo sọ fún wọn, Màdáàmù. Wọ́n ní kó lo oṣù yìí tán.” Ìríra tiẹ̀ náà mú mi. Ẹnu ló fi sọ fún wọn. Ọwọ́ ló fi dè é.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kí n má ṣe fi àṣejù dá ọkọ mi lẹ́jọ́. Mo mọ ibi tó ti rí i. Nílé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní pálọ̀, ó kún fún àwo olódòdó. Abọ́ tánganran tó ti bó lẹ́nu ni gbogbo wọn fi ń jẹun láti kékeré, àwọn àwo náà wà fún àlejò. Àlejò náà ò sì wá. Ilé tèmi ò yàtọ̀. Aṣọ tó dáa jù ní ìsàlẹ̀ àpótí, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tí ọ̀rá rẹ̀ ò tíì já, ìyá mi tó ń fi gíláàsì tó ti sán mu omi. Gbogbo wa la mọ̀ bí wọ́n ti ń fi èyí tó dáa pamọ́ de ọjọ́ tí ojú àwọn ènìyàn máa wà lára wa. Ọkọ mi kàn gbé e dé orí bíréèkì ni. Lójú ẹ̀, Ọjọ́ Àìkú ní pápá ni òde, àwa sì ni ilé.

Ìyá rẹ̀ fúnra wọn ò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n wọkọ̀ wá lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ọmọ sórí itan, wọ́n ní kó yanu kí àwọn wo ibi tí eyín ti lọ. Mo ti múra sílẹ̀ de “ẹ ní sùúrù” tí àwọn ìyá ọkọ máa ń sọ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó tiẹ̀ dárúkọ àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù, bíi pé ó rí ẹlẹ́rìí. Wọn ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

“Abọ́ tí mo fi bọ́ ẹ ti bó lẹ́nu lóòótọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé mo bu májèlé sí i?”

Ó wà nídọ̀bálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dìde.

Wọ́n ti de àwọn tuntun mọ́ ọkọ̀ náà báyìí, gbogbo wọn, àyàfi sípíríǹgì kúkúrú. Mo dúró ti mẹkáníìkì títí ó fi de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn. Ọkọ mi fi pápá sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà, n kò dí i lọ́wọ́. Bíréèkì tó fi sá eré lọ́jọ́ Àìkú náà ló ń gbé ọmọ relé ìwé lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n bá jẹ, kí wọ́n jẹ, á ra òmíràn tàbí kó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ìríra náà ò tètè lọ bí ètè ọmọ ṣe tètè jiná. Ó ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn, ó máa ń gé ìdajì ẹran rẹ̀ sínú abọ́ mi. Fún oṣù púpọ̀, n kò lè gbé e mì. Mo máa ń yí i lẹ́nu títí á fi dà bí òwú, màá wá dọ́gbọ́n tutọ́ ẹ̀ sọ́wọ́. Ó rí mi lẹ́ẹ̀kan. N kò sì fi í pamọ́ fún un. Ìríra náà ti ń lọ báyìí, díẹ̀díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ ló máa lọ.

Ohun tí mo kọ́ kò ju ìwọ̀nba lọ. Nígbà kan, ọjọ́ ńlá ni mo fi ń mọ ẹni tó fẹ́ràn mi, kéèkì ọjọ́ ìbí, aṣọ ọdún, ọwọ́ tí wọ́n gbé lé ọmọ lórí níwájú ènìyàn. Ní báyìí, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ kí n wo abẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, tí kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá kí wa.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, tí mò ń tú irun ọmọ mi, tí eyín tuntun ti ń yọ orí ṣóńṣó, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí ó ti ń gbé kiri nínú ara rẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó ní ṣé àfojúdi ni òun ṣe, tí òun sọ fún Dádì pé ọkọ̀ ń ké, tí Dádì sì ní kí òun dákẹ́. Mo gbé kóòmù sílẹ̀. Mo yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Mo ní rárá. Mo ní tí ara ẹ bá sọ fún ẹ pé nǹkan kan ò dáa, tó o bá fẹ́, kúnlẹ̀ kó o tó sọ ọ́. Pe ẹni náà ní sà, pè é ní màá. Ṣùgbọ́n sọ ọ́. Tó bá ní kó o dákẹ́, tún un sọ. Tó bá tún ní kó o dákẹ́, ní kó dúró, kó o sọ̀ kalẹ̀, kó o máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ó ní tó bá jẹ́ Dádì ńkọ́?

Mo ní tó bá jẹ́ Dádì.

Ó rò ó díẹ̀, ó ń fi ahọ́n kan eyín tuntun náà. Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì?

Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni, kó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.